Ta Ló Mọ̀ Ọ́ Ní Ìlú Yìí?

Ilé Amos Fọlárìn,
Ẹ̀gbẹ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Onípáànù Pupa,
Arárọ̀mí Òkè-Odò,
Nítòsí Oǹdó.

Olúbùsọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé ìbàdí ò dùn ọ́ mọ́ níbi tí o ti ń gbé àwọn arúgbó dìde? Àwa níbí wà láàyè, à ń jẹun, à ń sùn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ bá òun kí ọ kí n tó kí ọ fúnra mi, nítorí náà èyí tí o kà tán yìí, tirẹ̀ ni. Tèmi nìyí: ṣé dáadáa ni, ọmọ mi? Olúwa tó gbé ọ kọjá lórí òkun tí o kò já bọ́, kó má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ báyìí. Àmín.

O ó rí i pé mo kọ àdírẹ́sì wa sókè dáadáa, mo sì fa ilà sí i nídìí. Mo fẹ́ kí àwọn báǹkì rí i pé ìdílé tó mọ ibi tó ń gbé ni o ti wá. Ìròyìn ilé ò pọ̀. Ewúrẹ́ aláyà funfun bí mẹ́ta, ọ̀kan kú, méjì tó kù ń jẹ ẹní ìyá rẹ. Tíṣà Adébísọ́lá tó kọ́ ọ ní Ábídí ti fẹ̀yìn tì, kò mọ ohun tó máa fi òwúrọ̀ rẹ̀ ṣe, ó wá ń gbá àgbàlá wa, a ò sì lè sọ pé kó má gbá a mọ́ torí ó lè rò pé a ń lé òun.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohùn tí o fi ránṣẹ́. Mùjídì tó ń fi ẹ̀rọ POS gba owó fún wa níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé fóònù rẹ̀ wá sílé, ẹ̀ẹ̀mẹta la sì gbọ́ ọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ìyá rẹ ń sunkún, a ò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kejì, mò ń bá ìyá rẹ wí pé kó yé sunkún, a ò tún gbọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta la tó gbọ́ pé orí bẹ́ǹṣì ni o jókòó sí ní pápá Plumstead Common, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sínú fóònù, tí ajá ẹnì kan ń gbó, o sì ń sọ fún wa pé wọ́n ti dá ọ padà ní báǹkì lẹ́ẹ̀kan sí i ní Woolwich. O ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí o ti ń ṣiṣẹ́ fẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì tó jẹ́ ti orúkọ rẹ kí oṣù yìí tó parí, pé bí wọn ò bá rí i, wọn ò ní rí ibi san owó rẹ sí, wọ́n á sì fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ. Bí iṣẹ́ yẹn bá sì bọ́, ìwé ìgbélùú rẹ bọ́ pẹ̀lú, nítorí iṣẹ́ yẹn ló gbé ọ lọ. Báǹkì sì ní àfi kí o mú ẹ̀rí wá pé ibi tí o ní o ń gbé náà lo ń gbé lóòótọ́.

Mo rò ó títí. Báǹkì tó ní ilé yé mi, torí mo ti wọ ọ̀kan rí. Ti èkejì ni kò yé mi, èyí tí o ní inú fóònù ló wà, tí kò ní ilé, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní ọlọ́dẹ lẹ́nu ọ̀nà. O ní òun náà béèrè ibi tí o ń gbé. Mo ní kí Mùjídì dá ohùn náà padà kí n tún un gbọ́. Báǹkì tí kò nílé lórí, òun ló ń bi ọmọ mi pé níbo ni ilé rẹ̀ wà! Ìyá rẹ ní bóyá ibi tí yóò wọ̀ sí ló ń wá. O tún ní ó ní kí o gbé ojú sókè, kí o yí i sí ọ̀tún, kí o yí i sí òsì, kí o sì ṣẹ́jú. Bí èmi ṣe ń ra ewúrẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti yẹ ewúrẹ́ wò tó bẹ́ẹ̀, mo máa ń rà á ni, ojú á tì mí bí mi ò bá rà á. Pé fóònù wò ọ́ láti ọ̀tún dé òsì tán kó tó ní òun ò fẹ́, ìwà tó hù yẹn kù díẹ̀ káàtó.

Èmi wá rántí bí mo ṣe ṣí àkáǹtì tèmi ní Oǹdó. Àwòrán pélébé méjì ni wọ́n gbà, àti èèyàn méjì tó ti ní àkáǹtì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn mọ̀ mí. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ: ta ló mọ̀ ọ́? Ìdáhùn ìyẹn sì pọ̀ lọ́wọ́ wa ju bí ìwé yìí ṣe lè gbà lọ. Mo dìde lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Baálẹ̀, mo lọ bá Pásítọ̀, mo pe Tíṣà Adébísọ́lá wá láti ibi tó ti ń gbálẹ̀. Gbogbo wọn ló fọwọ́ sí ìwé tí mo fi síbí, wọ́n ní àwọn mọ Olúbùsọ́lá láti ìgbà tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, pé àpá iná wà ní apá òsì rẹ̀ níbi tí omi gbígbóná ti jó o, pé kì í jalè, pé ó máa ń kí èèyàn. Baálẹ̀ fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ẹ̀kejì jẹ́ ti ìyàwó òun tó lọ oko.

O mọ̀ pé èmi ni mo ṣe aṣojú pósítọ́fíìsì ní abúlé yìí fún ọdún mọ́kàndínlógún kí wọ́n tó tì í pa. Òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo gbọn eruku ara rẹ̀ nù, mo sì lù ú mọ́ ìwé náà, ó jáde pupa dáadáa. Ọjọ́ tó wà lójú rẹ̀ ti há sí oṣù Kẹfà ọdún 1999, kò yí mọ́. Bí wọ́n bá béèrè, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ti ń múra sílẹ̀ tipẹ́.

Mo sì gbọ́ tí o ní wọ́n dárúkọ ìwé iná, pé bí orúkọ rẹ bá wà lára ìwé iná, àwọn á gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mọ́ mi jù nítorí a ní ìwé iná. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná, mo sì ní kí wọ́n fi orúkọ Olúbùsọ́lá rọ́pò tèmi. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀, Ikram lorúkọ rẹ̀, ó bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ìgbà wo ni baba tó nílé kú. Mo ní èmi ni baba tó nílé. Ó wò mí, ó tún wo ìwé, ó ní kí n jókòó. Láti oṣù yìí lọ, ìwọ lo ni iná wa. Kò tíì tàn láti oṣù Ẹrẹ́nà, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kì í pẹ́ dé. Mo ká a sínú lẹ́tà yìí, má jẹ́ kó ya.

Ọ̀kan kù tó ń dùn mí, mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ. Láti ọdún tó kọjá ni o ti ń sọ fún wa pé o ní yàrá nílé Felicia, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ní Glyndon Estate. Inú ohùn yìí ni mo ti gbọ́ pé orí àga pálọ̀ lo ń sùn, tí o máa ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ kí àwọn ọmọ Felicia, Jayden àti Delight, tó jí lọ sílé ìwé. Felicia ní ilé káńsù ni, ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń háyà, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀, pé bí òun bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún báǹkì pé o ń gbé lọ́dọ̀ òun, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ kó gbogbo wọn jáde. Inú bí mi sí i. Mo ní ṣé ọmọ mi ni yóò máa gbé inú ilé bí ẹni tí kò sí níbẹ̀? Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò dára sí Felicia, ìyá rẹ ní kí n má kọ ọ́, mi ò sì kọ ọ́.

Nítorí náà ètò tí mo ṣe nìyí. Ọlábísí, ọmọ Alàgbà ọ̀rẹ́ mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, tó ń gbé lẹ́bàá adágún Southmere ní Thamesmead, ti wá sílé wo bàbá rẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún. Òun ni yóò mú lẹ́tà yìí lọ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi lé ọ lọ́wọ́ o. Kó jù ú sínú ihò lẹ́tà tó wà lára ilẹ̀kùn Felicia, kó bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i nílẹ̀ rí orúkọ rẹ àti nọ́ńbà ilé lára rẹ̀. Lẹ́tà tó bọ́ sílẹ̀ báyẹn, kò sí ẹni tó lè ní olúwarẹ̀ kò gbé ibẹ̀.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí nígbà tí Ọlábísí dé, ó sì ti di ọjọ́ kẹta báyìí. Má wo gègé tó yàtọ̀, ti àkọ́kọ́ ti tán.

Mo fún Ọlábísí ní lẹ́tà náà kó bá mi wo bóyá mo kọ àdírẹ́sì yín dáadáa. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó kan ìwé iná, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi rí ojú mi. Ó ní Daddy, ẹ má bínú, báǹkì ò ní accept ìkankan nínú rẹ̀, ìwé iná ti ilé ibẹ̀ ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ ti Arárọ̀mí. Mo ní ṣé àtàǹpàkò Baálẹ̀ ni wọn ò ní gbà? Ó ní wọn ò mọ Baálẹ̀. Mo ní ìyẹn ni mo ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sídìí rẹ̀. Inú ń bí mi, mo ní irú èèyàn wo ló wà níbẹ̀ tí yóò wo ojú ọmọ olọ́mọ kó ní kó máa lọ? Ọlábísí wá sọ jẹ́jẹ́ pé ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà náà lè máà burú, pé ó lè máa káàánú rẹ gan-an, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní kó béèrè ló ń béèrè, bí kò bá sì rí i, wọ́n ti dè é lọ́wọ́.

Bùsọ́lá, gbọ́. Èmi náà ti dúró lẹ́yìn káńtà rí.

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá rẹ rí. Ní ọdún tí wọ́n bí ọ, Ìgbìrà kan wà tó ń bá wa ro oko kòkó, Sùlèímọ́nù lorúkọ rẹ̀. Lẹ́tà rẹ́jísítà dé fún un láti Òkénè. Irú lẹ́tà yẹn, nǹkan pàtàkì ni wọ́n máa ń fi sínú rẹ̀, a kì í sì í fún ẹni tí kò ní ìwé ìdánimọ̀, àfi kí ẹnì kan tí ìlú mọ̀ wá fọwọ́ sí i fún un. Sùlèímọ́nù ò ní ìwé kankan, ọ̀gá rẹ̀ sì wà nírìn-àjò. Mo bi í láti ẹ̀yìn káńtà pé ta ló mọ̀ ọ́ ní ìlú yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èmi ni, ṣebí oko mi lòun ro ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òótọ́ ló sì sọ. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ìrìn rẹ̀ láti òkèèrè, mo ti jẹ iṣu sísun nínú àwo kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà ò lè ṣe onígbọ̀wọ́, pé òfin ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá. Nígbà kẹta kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ní ọ̀dọ̀ ìyàwó òun ni lẹ́tà náà ti wá, pé ara rẹ̀ ò yá nígbà tí òun ń bọ̀, kí n kàn ṣí i kí n kà á fún òun, kí lẹ́tà náà sì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní òfin ò gbà á. Ẹnu ọ̀nà mi lásán ni mi ò jáde sí, kí n pe ẹnikẹ́ni tó ń kọjá lọ pé wá fọwọ́ sí i fún ọkùnrin yìí. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá pé, mo fi òǹtẹ̀ yìí kan náà lu lẹ́tà náà, mo dá a padà sí ibi tó ti wá. Sùlèímọ́nù kúrò ní abúlé wa kí òjò tó dá, mi ò mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà títí di òní. Mo gba ìyìn lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Oǹdó lọ́dún yẹn pé ìwé mi mọ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọlábísí, mi ò mọ ohun tó mú mi sọ ọ́. Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun náà ní nǹkan sọ. Ó ní o ti pe òun ní oṣù méjì sẹ́yìn, o ṣàlàyé ara rẹ, o béèrè bóyá o lè rí ibi gbé lọ́dọ̀ òun, òun sì ní òun á pè ọ́ padà. Kò pè ọ́. Ó ní iṣẹ́ pọ̀, ó tún ní kì í ṣe iṣẹ́, òun ò kàn fẹ́ wàhálà. O ò sọ ìyẹn fún wa nínú ohùn rẹ. Mi ò bá a wí, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá a wí?

Ó wá ní yàrá kan wà nílé òun tí òun ń kó àpótí sí. Ní ọjọ́ kejì ó padà wá, ó ní òun ti kọ̀wé lórí fóònù sí àwọn tó ni ilé, wọ́n sì ti dáhùn, wọ́n gbà kí orúkọ rẹ wọ inú ìwé ilé pẹ̀lú tirẹ̀. Ó ní èyí gan-an ni ohun tí báǹkì ń wá. Kì í ṣe pé kí o yá àdírẹ́sì rẹ̀ lò o, ìyẹn irọ́ ni. Kí o kó ẹrù rẹ lọ síbẹ̀, kí o máa gbé ibẹ̀, kí o máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní Sátidé tí òun bá dé, òun á tẹ̀ lé ọ lọ sí báǹkì ní Woolwich, òun á sì jókòó tì ọ́ títí wọ́n á fi dá ọ lóhùn. Oṣù á ṣì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ní òun á pè ọ́ fúnra rẹ̀, ó sì pè ọ́ níwájú mi, o ò gbé e, iṣẹ́ lo wà. Á tún pè ọ́. Mo mọ̀ pé yóò pè ọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tí o bá ń kúrò lọ́dọ̀ Felicia, kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tó mọ̀ pé ilé lè bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, tó ṣì gbà ọ́ sí pálọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan, ó ṣe ju èmi tí kò sí ewu kankan lórí mi lọ.

Mo ti fa igi lé àdírẹ́sì Glyndon tó wà lẹ́yìn àpò ìwé, mo kọ ti Thamesmead sí i. Ọlábísí ṣì máa jù ú sínú ihò ilẹ̀kùn, mo ti mú un ṣèlérí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ló máa fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tí yóò bá ọ nílé tí orúkọ rẹ wà jẹ́ tèmi. Mi ò yọ ìwé iná kúrò. Ọlábísí ní kò wúlò, ṣùgbọ́n kò wúwo.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Bí àkáǹtì náà bá ṣí, tí owó iṣẹ́ rẹ wọ ibẹ̀, ìyá rẹ ní kí n béèrè owó gíláàsì ojú, mo sì ti béèrè rẹ̀ báyìí. Tèmi ni owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ sí Òkénè. Mùjídì ní Òkénè ti di ìlú ńlá, ó ní kí n mú àdírẹ́sì ẹni tí mò ń lọ wá wá, kí òun bá mi wò ó lórí fóònù. Mi ò ní in. Mo jókòó sí ìdí àdírẹ́sì àwọn èèyàn fún ọdún mọ́kàndínlógún, tirẹ̀ ni mi ò ní. Orúkọ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi, àti pé ọwọ́ òsì ló fi ń roko, àti pé ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Mo máa dúró ní gáréèjì kí n máa béèrè. Bí kò bá sí láyé mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ á wà. Bí wọ́n bá sì bi èmi arúgbó tó dúró síbẹ̀ pé ta ló mọ̀ ọ́ ní ìlú yìí, orúkọ Sùlèímọ́nù ni mo máa dá.

Kí Ọlọ́run lọ ṣáájú rẹ dé ẹnu káńtà náà lọ́jọ́ Sátidé. Ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́, kó fi ẹnì kan síbẹ̀ tí yóò dìde pé òun mọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá jókòó sẹ́yìn káńtà, kí o lè jáde sẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Amos Fọlárìn.
Mo mọ̀ ọ́.